Ohun Tí Kò Jẹ́ Kí Àbúrò Mi Lè Jókòó

Ẹ̀bá ọ̀nà oko ni wọ́n bí àbúrò mi sí. Ìyá mi ń bọ̀ láti ọjà Adó-Odò, ẹrù gàrí wà lórí wọn, oyún inú wọn kò sì ju oṣù méje lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí à ń pè ní Ìyànà Ìyẹsí lónìí, tó jẹ́ pé igbó àti oko ẹ̀gẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà náà, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọn. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń bọ̀ láti ọjà ló fi ìró bò wọ́n yíká, tí wọ́n sì gbẹ̀bí wọn. Ọmọbìnrin tí wọ́n gbé wálé wa ní Ọ̀tà kéré débi pé òwú ni ìyá bàbá mi fi wé e. Inú igbá ńlá kan ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, wọ́n gbé igbá náà sí ìtòsí ààrò kí ooru lè máa kan ọmọ.

Mo ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà, mo sì rántí pé kò sẹ́ni tó yọ̀ nínú ilé. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ ọmọ. Ìyá mi ti sin ọmọ méjì lẹ́yìn mi, gbogbo ilé kàn ń dúró ni, kí wọ́n wo ibi tí èyí náà máa já sí. Bí àwọn àgbà bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò yẹ kó gbọ́.

Ọmọ náà kò kú. Ó pẹ́ kó tó jókòó, ó pẹ́ kó tó rá, àmọ́ láti ọjọ́ tó ti dìde nílẹ̀ ló ti ń sáré. Mi ò rántí pé mo rí i kó rìn. Tí a bá gbé oúnjẹ fún un, òkèlè kan ni yóò mú, yóò ti dé ìdí ọsàn lẹ́yìn ilé kó tó gbé e mì. Bí a bá rán an ní omi, inú igbó la ó ti lọ wá korobá rẹ̀, a ó sì rí òun fúnra rẹ̀ níbi tó gbé ń tẹ̀ lé èèrà, tàbí tó ń wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé, tó ti gbàgbé pé ẹnikẹ́ni rán òun níṣẹ́. Kì í ṣe àìgbọràn. Bí o bá bá a wí, yóò sunkún tọkàntọkàn, yóò bẹ̀ ọ́, yóò sì tún ṣe é kí omijé tó gbẹ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, orí ẹnu kànga ni mo ti bá a, ó ń fi ẹsẹ̀ kan rìn yí etí rẹ̀ ká. Mi ò pariwo. Mo rọra lọ, mo gbá a mú láti ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá mi ti ń fi ọ̀já so ó mọ́ ìdí ara wọn tí wọ́n bá ń gúnyán.

Ilé kéú ni wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ. Áfáà tó ń kọ́ wa jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, kì í tètè na ọmọ. Ó fi àbúrò mi sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó gbé wàláà lé e lẹ́sẹ̀. Kí a tó ka ìlà àkọ́kọ́ tán, wàláà ti wà nílẹ̀, ọmọ ti dé ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá, áfáà wá bá àwọn òbí mi nílé.

"Orí ọmọ yín pé," ni áfáà wí. "Ohun tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀, kò ní gbàgbé rẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọkàn rẹ̀ kì í wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa ṣàdúà."

Ìyá bàbá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí áfáà lọ tán, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wo bàbá mi.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?" ni wọ́n wí fún gbogbo ilé. "Ìdí igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé yẹn ni mo máa ń so bàbá rẹ̀ mọ́ kí n tó lè lọ sọ́jà. Àbúrò bàbá mi náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí tó fi bọ́ sódò. Ìwà yìí, àwa la ni ín."

Bàbá mi dìde lójijì. Wọ́n jáde lọ. Òótọ́ ni pé àwọn náà kì í pẹ́ níbì kan. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀, wọ́n fi ìyẹn náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nígbà tí mo gbọ́njú ni ti agolo: wọ́n á gé agolo òfìfo, wọ́n á fi ṣe fìtílà àti àrọ ìrọ epo, ìyá mi á sì kó o lọ sọ́jà. Ẹni tó bá ń wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ yóò rí i pé fìtílà bíi mélòó kan ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó parí ọ̀kan.

Lẹ́yìn ogun òyìnbó, ọkọ̀ lọ́rì pọ̀ sí i lójú ọ̀nà tó ti Èkó gba Sàngó lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà tó ń wa lọ́rì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé bátìrì tó ti kú wá sílé wa, èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Àpótí dúdú kan ni, ó wúwo, ó ń ro omi kan tó jó ilẹ̀ níbi tó bá kán sí.

"Òjé ló wà nínú rẹ̀," ni ọkùnrin náà sọ fún bàbá mi. "Àwọn apẹja apá Àgbádárìgì ń wá òjé tí wọ́n á so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n wọn kó lè rì. Àwọn ọdẹ ń wá a fún ọta ìbọn. Bí ẹ bá lè yọ́ ọ, iṣẹ́ ti dé nìyẹn."

Bàbá mi yọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò tíì rí i kí inú wọn dùn sí iṣẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀. Òjé kì í pẹ́ lórí iná. Kò dà bí irin tí wọ́n á máa fẹ́ ẹwìrì sí títí ọwọ́ á fi ro wọ́n. Wọ́n á fọ́ àpótí bátìrì, wọ́n á da omi rẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri, wọ́n á kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìkòkò irin, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa dán bí ojú omi. Wọ́n á bù ú sínú ihò tí wọ́n ti gbẹ́ sára amọ̀, ó parí. Iṣẹ́ tó bá ìwàǹwára wọn mu nìyẹn. Abẹ́ àtíbàbà tó wà láàárín àgbàlá ni wọ́n ti ń ṣe é, kò jìnnà sí ibi tí a ti ń dáná, ibẹ̀ náà ni a sì máa ń sá aṣọ sí.

Èéfín rẹ̀ kò dà bí èéfín igi. Kì í lọ sókè. Ó máa ń rìn nílẹ̀, ó máa ń wọ yàrá, ó sì máa ń fi ìyẹ̀fun eérú kan sílẹ̀ lórí ìdérí ìkòkò, lórí ẹní, lórí ewéko. Ìyá mi á fi ọwọ́ nù ún, wọ́n á máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Adìyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n á máa rìn bí ẹni tó mutí, ìyẹ́ wọn á wọ́ nílẹ̀, a ó sì bá òkú wọn lẹ́yìn ògiri níbi tí wọ́n ń da omi bátìrì sí. Ìyá bàbá mi ní àrùn adìyẹ ló dé. Lẹ́yìn náà, ewúrẹ́ kan kú pẹ̀lú ọmọ nínú. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ará ilé kejì lójú, torí pé àwa àtàwọn ti jà nítorí ààlà. Kókò tí a gbìn sí etí ògiri rọ, kò sì tún hù mọ́. A kàn lọ gbin òmíràn sí ibòmíràn ni.

Ọjọ́ kan wà tí mo bá àbúrò mi lábẹ́ àtíbàbà. Ó jókòó. Ohun tó jẹ́ kí n dúró wò ó nìyẹn, torí pé kì í jókòó. Ó ti ọwọ́ bọ inú eérú tó yí ìdí iná ká, ó ń lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lò ń jẹ?" ni mo bi í.

"Ó dùn," ni ó wí. "Wá tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò lóòótọ́. Ó dùn díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn lá ṣíbí tí wọ́n fi po oyin nígbà kan rí. Mo tu ú dànù torí eérú ni. Òun kò tu ú.

Wolé-wolé máa ń wá sí àdúgbò wa nígbà náà, ọkùnrin ìjọba tó máa ń wọ kákí, tí gbogbo obìnrin máa ń sá fún. Ó wọlé wa, ó ṣí ìkòkò omi lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, ó ní kí a da ọ̀kan nù. Ó gba ìdí ìkòkò òjé kọjá, ó fi áńkáṣífì bo imú, ó kí bàbá mi kú iṣẹ́, ó sì jáde. Inú gbogbo wa dùn pé kò mú wa lọ sí kóòtù.

Nígbà tí ọdún máa fi yípo, ilé wa ti yàtọ̀. Oyún ìyá mi bàjẹ́ lára wọn. Inú ń run bàbá mi, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní, wọ́n á fi ọwọ́ di ikùn mú, wọ́n á ní ẹ̀wà ni kò bá àwọn lára mu. Àbúrò mi, tó jẹ́ pé eré nìkan ló mọ̀ tẹ́lẹ̀, wá ń bínú. Yóò gbá èèyàn létí láìnídìí. Yóò sáré lọ kan ògiri. Àwọn ọ̀rọ̀ kan tó ti mọ̀ ọ́n sọ dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lẹ́nu rẹ̀, yóò dúró, yóò máa wá wọn, ojú rẹ̀ á sì kún fún omi. Ó ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó nígbà náà. Tíṣà rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, ó ń fi pàṣán bá a wí. Ní ilé, àwọn kan ní èmèrè ni. Àwọn ẹbí ìyá mi ní ọmọ oṣù méje ni, kò gbó kó tó wáyé, inú oṣù méjì tó kù ni ọpọlọ rẹ̀ ì bá ti balẹ̀. Ìyá bàbá mi kò yí ohùn padà: àwa la ni ín. Áfáà kọ hàǹtúú sí wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́ sínú ife, ó mu ún. Bí wọ́n ṣe ń wí gbogbo èyí, iná ń jó lábẹ́ àtíbàbà, èéfín ń rìn nílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni gìrì mú un lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ mi ló wà. Mo rò pé ó fẹ́ sá ni, mo tún ọwọ́ rẹ̀ mú dáadáa, àfi bí ọwọ́ náà ṣe le bí igi. Ó ṣubú. Ojú rẹ̀ wà lókè, ṣùgbọ́n kò wo nǹkan kan. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà bá mi gbé e délé. Nígbà tó tún mú un kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rẹ́ bàbá mi gbé ọmọ àti àwọn òbí mi sínú lọ́rì rẹ̀, ó di ọsibítù ní Èkó. Wọ́n mú mi dání torí pé èmi ni mo wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Dókítà tó rí wa jẹ́ ọmọ Yorùbá, kò sì dàgbà púpọ̀. Ó wo ojú àbúrò mi, ó gbé ètè rẹ̀ sókè, ó wo erìgì rẹ̀ pẹ́. Ó pe nọ́ọ̀sì kan kó wá wò ó. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ẹnu yín."

Bàbá mi rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Ọmọ ló ń ṣàìsàn," ni wọ́n wí.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ ṣáà là á."

Wọ́n là á. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì rí ohun tí mi ò rí rí: ìlà dúdú tó jọ aró, tó gba etí erìgì wọn kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, bí ẹni fi kálámù fà á.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń yọ́ òjé."

"Níbo?"

"Nílé."

Dókítà náà jókòó. Ó ní òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, tọmọ tòbí, pé èéfín rẹ̀ ń pani, pé eérú rẹ̀ ń pani, pé ti ọmọdé ló sì burú jù torí ọpọlọ wọn ṣì ń dàgbà. Nígbà tí ìyá mi sọ ti oyún tó bàjẹ́ lára wọn, ó ní bóyá ìyẹn náà kò ṣẹ̀yìn òjé. Ìyá mi kò sunkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi í.

"Ṣé òjé náà ni kì í jẹ́ kó lè jókòó láti kékeré?"

"Kí òjé tó dé, báwo ló ṣe ń ṣe?"

Ìyá mi wo bàbá mi. "Ọmọ oṣù méje ni, ara rẹ̀ kò balẹ̀ náà. Àmọ́ kì í bínú. Kì í gbàgbé ọ̀rọ̀."

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n bí i mọ́ ọn," ni dókítà wí. "Ó lè jẹ́ pé kò pé oṣù kí ẹ tó bí i. Òjé lè bá ohun tó ti wà nílẹ̀, kó wá ru ú sókè. Màmá, mi ò lè tọ́ka sí ọ̀kan kí n ní òun ni. Èyí tí mo mọ̀ ni pé tí ẹ bá mú un padà sínú ilé yẹn, ẹ ó tún gbé e wá, ó sì lè má bá yín padà sílé nígbà yẹn."

Wọ́n dá a dúró ní ọsibítù títí gìrì fi lọ. Bàbá mi padà sí Ọ̀tà, wọ́n pa iná náà. Wọ́n kó wa lọ sí oko wa lápá ibi tó di Joju lónìí, ahéré àti igbó ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Ìyá bàbá mi nìkan ni kò bá wa lọ. Wọ́n ní inú ilé yẹn làwọn ti bí gbogbo ọmọ àwọn.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi, ẹni tó ń wa lọ́rì, wá bá wa lóko. Ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n máa fi ìkòkò irin náà àti àwọn amọ̀ oníhò tí wọ́n ń da òjé sí ṣe. Bàbá mi sọ gbogbo ohun tí dókítà wí fún un. Wọ́n la ẹnu, wọ́n fi ìlà náà hàn án. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní ara kì í ṣe ọ̀kan náà, ó ní ohun tó bá pa adìyẹ kì í pa pẹ́pẹ́yẹ. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Àgbàlá tirẹ̀ ló gbé iná sí, ìyàwó rẹ̀ sì ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́. Nígbà ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ pé gìrì mú ọmọ náà, kò sì dìde. Wọ́n ní ọyẹ́ ni. Bàbá mi lọ kí wọn kú ọ̀fọ̀, wọ́n ní èéfín ṣì ń jáde lẹ́yìn ilé nígbà tí àwọn débẹ̀.

Òjé ti ba ọwọ́ bàbá mi jẹ́, kò sì bọ̀ sípò mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún: tí wọ́n bá nà án, ọrùn ọwọ́ náà á rọ, á máa fì sílẹ̀. Wọn kò lè di ọkọ́ mú, wọn kò lè gé agolo. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, wọ́n ń jókòó lójú kan láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Ó burú láti wò. Nígbà mìíràn, àbúrò mi á sáré wá, á gbé ọwọ́ náà sókè fún wọn, á tún sá lọ.

Inú àbúrò mi rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí a kó kúrò. Ìbínú náà lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tó sọnù padà, kì í ṣe gbogbo wọn. Àmọ́ kò jókòó. Ilé ẹ̀kọ́ kò gbà á mọ́, ó sì di ẹni tó ń bá ìyá mi kó gàrí láti Adó-Odò, iṣẹ́ ẹsẹ̀, iṣẹ́ ariwo, iṣẹ́ tí kì í ṣe ojú kan, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju èmi lọ. Tó bá ti gbé ẹrù, inú rẹ̀ á dùn. Ó kàn máa ń gbàgbé ibi tó gbé owó ọjà sí ni, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan kó sì já a sílẹ̀ láàárín.

Nígbà tó lọ́kọ, ó ku díẹ̀ kí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin, ọmọ tó pé oṣù, tó tóbi, tó sì ń ké ketekete. Kò sí òjé nílé ọkọ rẹ̀, ìyá mi ti lọ yẹ gbogbo àgbàlá wò kí ìgbéyàwó tó wáyé. Síbẹ̀, gbogbo wa ló ń wo ọmọ náà. A kì í sọ ọ́, àmọ́ bó bá yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní, ojú wa á lọ síbẹ̀. Bó bá fi oúnjẹ sílẹ̀, ìyá mi á wò mí. Bàbá mi, tí ọwọ́ méjèèjì ti rọ nígbà náà, kì í fẹ́ kí wọ́n gbé e lé àwọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní àwọn lè jẹ́ kó ṣubú.

Ọmọ náà dìde nílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó di àga mú, ó fi í sílẹ̀, ó sì sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ já láìṣubú, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ni àbúrò mi bá dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ yéé wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ga. "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń wo èmi náà."

Ó pọn ọmọ, ó sì jáde lọ sínú oòrùn. Ìyá mi pè é padà, kò bojú wẹ̀yìn.